Kí Ó Pé Kí A Tó Lò Ó: Bí Python Ṣe Ń Dá Object Sílẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Python ní Tanke léèrè pé kí ni iṣẹ́ `__init__`, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dáhùn pé òun ló ń dá object. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ nínú fídíò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn olùkọ́ kan ṣe ń sọ ọ́. Èsì náà kò tọ̀nà. Nígbà tí `__init__` bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, object ti wà nílẹ̀. Ẹlòmíràn ló dá a. Ohun tí `__init__` ń ṣe ni pé ó ń pèsè object náà kó lè ṣeé lò. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo fẹ́ sọ di ńlá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi Python jẹun, mo sì ti rí i pé púpọ̀ nínú àṣìṣe tó ń da ètò kọ̀ǹpútà rú ládùúgbò yìí ló ti ibi àìmọ ìyàtọ̀ náà wá.

Tanke ni ọ̀nà tó lọ sí ọgbà ńlá Yunifásítì Ìlọrin gbà kọjá. Ọdún 1975 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá dúró fúnra rẹ̀ ní 1977. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ńlá yẹn ní 1982 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kún àdúgbò wa, láti Tipper Garage títí dé Òkè-Odò. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún JAMB àti WAEC. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa kọ orúkọ sílẹ̀, tí yóò máa ka owó, tí yóò sì máa tẹ rìsíìtì. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló sì ń kọ ọ́ fún wọn, Python sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò.

Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ gbé Python jáde fún aráyé ní oṣù Kejì ọdún 1991. Èdè náà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa mọ́. Ní 2019, àwọn tó ń lò ó káàkiri Áfíríkà pàdé ní Accra fún PyCon Africa àkọ́kọ́. Ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń fi kọ́ ọmọ. Ìrọ̀rùn yìí kan náà ló sì ń jẹ́ kí ènìyàn lò ó fún ọdún méjì, mẹ́ta, láìbéèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́nú.

Ẹ jẹ́ ká wo kíláàsì kan tí ibi ìkọ́ni lè lò:

```
class Akekoo:
    def __init__(self, oruko, eko):
        self.oruko = oruko
        self.eko = eko

a = Akekoo("Adébáyọ̀", "JAMB")
```

Ìlà tó kẹ́yìn ni ká dúró lé lórí. Ó jọ pé function kan ni a pè, ṣùgbọ́n kíláàsì ni `Akekoo`. Kíláàsì fúnra rẹ̀ náà jẹ́ object, `type` ló sì dá a. Nítorí náà, bí a bá ṣí àkámọ́ síwájú orúkọ kíláàsì, `__call__` tó wà lára `type` ni a ta jí. Iṣẹ́ méjì ni `__call__` yìí ń ṣe, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Àkọ́kọ́, yóò pe `__new__`, yóò sì fi kíláàsì náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí a fi sínú àkámọ́. Bí a kò bá kọ `__new__` tiwa, èyí tó wà lára `object`, tí gbogbo kíláàsì ti ṣẹ̀ wá, ni yóò ṣiṣẹ́. Yóò gba àyè nínú mẹ́mọ̀rì, yóò dá object tí kò tíì ní nǹkan kan nínú, yóò sì dá a padà. Lẹ́yìn èyí, `__call__` yóò yẹ ohun tí `__new__` dá padà wò. Bó bá jẹ́ ti kíláàsì náà lóòótọ́, yóò pe `__init__`, yóò fi object náà lé e lọ́wọ́ lórúkọ `self`, yóò sì tún kó àwọn ohun inú àkámọ́ fún un. Bí `__new__` bá dá ohun tí kì í ṣe ti kíláàsì náà padà, kò ní pe `__init__` rárá. Ìgbà tí gbogbo èyí bá parí ni object tó bọ́ sọ́wọ́ `a`.

Àwọn onílé Tanke mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ilé tí wọ́n ti mọ tí wọ́n sì ti kan òrùlé rẹ̀ kì í ṣe ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kó sí. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà, tí omi àti iná bá dé, tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣeé fà lé ayálégbé lọ́wọ́, ni ilé náà tó di ilé ìgbé. `__new__` ló mọ ilé. `__init__` ló so ilẹ̀kùn tó sì fa iná wọlé. Onílé tó bá kó ènìyàn sínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ti fọwọ́ ara rẹ̀ pe ìjọ̀ngbọ̀n.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè dán an wò fúnra rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí `__init__` ń gbà ni `self`. Ohun tí kò tíì sí, ta ni yóò fi lé ni lọ́wọ́? `__init__` kò sì gbọdọ̀ dá ohunkóhun padà àfi `None`. Bó bá dá nǹkan mìíràn padà, Python yóò fi `TypeError` dáhùn. Ẹ tún kọ `b = Akekoo.__new__(Akekoo)`. Object yóò jáde, `type(b)` yóò sì sọ fún yín pé Akekoo ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè `b.oruko`, `AttributeError` ni ẹ óò bá pàdé. Object ti wà, kò sì tíì ní orúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni `pickle`, tó ń kó object pamọ́ sínú fáìlì, kì í pe `__init__` nígbà tó bá ń kó wọn jáde padà. Ohun tí ó tọ́jú ló ń dá padà sára wọn. Ẹni tó gbà pé `__init__` ló ń dá object kò ní mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ibi tí àìmọ̀ yìí ti ń dun ni jù ni ọ̀rọ̀ ohun tó jẹ́ ti gbogbo wọn àti ohun tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ni ibi ìkọ́ni kan pè mí nígbà kan pé owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ inú ara wọn. Ọmọ kan á san owó, ètò wọn á sì fi hàn pé gbogbo ọmọ ló san án. Wọ́n ti ń fura sí akọ̀wé tó ń gbowó. Nígbà tí mo ṣí kóòdù náà, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

```
class Akekoo:
    def __init__(self, oruko, owo=[]):
        self.oruko = oruko
        self.owo = owo
```

Akọ̀wé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Python ń ṣe ìlà `def` yẹn, nígbà tó ń dá function náà sílẹ̀. Ìgbà náà ló dá list òfìfo tí a kọ sílẹ̀ de ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ó sì fi pamọ́ sára function. List kan ṣoṣo ni. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ láìfún un ní list tirẹ̀ ló ń tọ́ka sí list kan náà, nítorí náà ohun tí a bá fi kún ti ẹnì kan, a ti fi kún ti gbogbo wọn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ:

```
    def __init__(self, oruko, owo=None):
        self.oruko = oruko
        self.owo = [] if owo is None else list(owo)
```

Ohun tó wà nínú ara `__init__` ń ṣẹlẹ̀ lákọ̀tun fún object kọ̀ọ̀kan. List tí a bá dá níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíràn. `list(owo)` tó wà níparí ìlà náà sì ń da list tí wọ́n mú wá kọ sí tuntun, kí ẹni tó mú un wá má baà máa yí i padà lẹ́yìn wa.

Àṣìṣe kan náà ni ẹni tó kọ `owo = []` sábẹ́ `class` ṣe, tí kò kọ ọ́ sínú `__init__`. Bí a bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ object, ara object ni Python ti ń kọ́kọ́ wá a. Bí kò bá rí i níbẹ̀, á lọ wò ó lára kíláàsì. Ohun tó wà lára kíláàsì, àjùmọ̀ní ni. Ó dára kí orúkọ ibi ìkọ́ni àti iye owó fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, nítorí pé ti gbogbo ọmọ ni. Owó tí Àdùkẹ́ san, ti Àdùkẹ́ ni. Inú `__init__` ni ààyè rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kan àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà kárí ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, gbà kí a kọ Adébáyọ̀ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Nínú ọ̀nà kan, é, á àti ọ jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì wọn, àmì ohùn tó wà lórí ọ nìkan ló dá dúró, nítorí Unicode kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ̀. Bí `len` bá ka èyí, yóò sọ pé 8. Nínú ọ̀nà kejì, gbogbo àmì ló kúrò lára lẹ́tà tó sì dá dúró lẹ́yìn rẹ̀; `len` yóò sọ pé 11. Lójú ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Bí a bá fi `==` wé wọn, Python yóò sọ pé `False`. Ọmọ tó fi fóònù forúkọ sílẹ̀ lè dé lọ́jọ́ ìdánwò, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wá orúkọ rẹ̀, kí ètò sì sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Láti Python 3.0 tó jáde ní oṣù Kejìlá 2008 ni a ti lè fi lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ sí orúkọ tí a ń lò nínú kóòdù, Python fúnra rẹ̀ sì ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kó sínú `str`, kò fọwọ́ kàn án. Àwa ni yóò ṣe é, ẹnu ọ̀nà tí orúkọ ń gbà wọlé ni a sì gbọ́dọ̀ ti ṣe é, pẹ̀lú `unicodedata` tó bá Python wá (NFC ni orúkọ ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a sọ lókè yẹn):

```
        self.oruko = unicodedata.normalize("NFC", oruko.strip())
```

Ẹni tó bá fi ìlà yìí sínú `__init__` ti mú un dá ara rẹ̀ lójú pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ètò rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà méjì. Ẹni tó bá ní òun yóò máa ṣe é níbi tí òun ti ń wá orúkọ, níbi tí òun ti ń tẹ rìsíìtì, àti níbi tí òun ti ń ka ìdánwò, yóò gbàgbé ibì kan dandan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kan náà ló ń fi hàn ìgbà tí `__init__` kò tó. Ká ní a fẹ́ kí orúkọ jẹ́ irú `str` kan tí àmì rẹ̀ máa ń tò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa gbìyànjú láti tò ó nínú `__init__`, pàbó ni yóò sì já sí. `str` jẹ́ ohun tí a kì í yí padà lẹ́yìn tó bá ti wáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni `int`, `tuple` àti `frozenset`. Nígbà tí `__init__` bá fi máa dé ibẹ̀, lẹ́tà inú rẹ̀ ti dì. Àfi kí a dá sí i nígbà tí wọ́n ń dá a:

```
class Oruko(str):
    def __new__(cls, oro):
        oro = unicodedata.normalize("NFC", oro.strip())
        return super().__new__(cls, oro)
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé `cls` ni `__new__` gbà, kò gba `self`, nítorí pé kò tíì sí `self` kankan. Láti Python 2.2, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2001, ni `__new__` ti dé, nígbà tí wọ́n so àwọn kíláàsì tí a kọ fúnra wa pọ̀ mọ́ `int`, `str` àti àwọn yòókù, kí a lè ya kíláàsì tuntun lára wọn. Ẹni tó bá lo `Oruko` yìí yẹ kó rántí pé `str` lásán ni `.upper()` àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dá padà. Bó bá fẹ́ `Oruko`, yóò tún un pè.

`__new__` tún ní ẹ̀tọ́ láti má dá nǹkan tuntun rárá. `bool(1)` kì í dá `True` mìíràn. `True` kan ṣoṣo tó wà ló ń fún wa. Àwọn kan ń lo ẹ̀tọ́ yìí kí object kan péré lè wà nínú ètò wọn, bí èyí tó so ètò mọ́ dátábéèsì. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí àkámọ́ síwájú kíláàsì náà ni `__init__` yóò tún ṣiṣẹ́ lórí object àtijọ́, tí yóò sì pa ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rẹ́ bí wọn kò bá dí i lọ́nà. Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀ nìkan ni èyí kò ní yà lẹ́nu.

Ìmọ̀ràn tí mo ń fún gbogbo ẹni tó bá bá mi ṣiṣẹ́ ni pé object kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ `__init__` láìpé. Gbogbo ohun tí method yòókù yóò béèrè gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀. Bí orúkọ bá jẹ́ òfìfo, tàbí owó bá kéré sí òdo, kí `__init__` ju `ValueError` lójú ẹsẹ̀. Ó sàn kí ètò kọ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lórúkọ lónìí ju kí ó gbà á, kí rìsíìtì òfìfo sì máa jáde lóṣù tó ń bọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Bákan náà ni kíláàsì tí a yà lára òmíràn. Bí `AkekooIle`, tí a yà lára `Akekoo`, bá ní `__init__` tirẹ̀ tó sì gbàgbé láti pe `super().__init__(oruko, eko)`, Python kò ní bá a pè é. Object yóò ní nọ́mbà yàrá, kò ní ní orúkọ, a kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ tí ẹnìkan yóò fi béèrè orúkọ náà.

Kí iṣẹ́ `__init__` mọ níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló yẹ kó máa ka fáìlì tàbí kó máa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ bá ti inú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì wá gẹ́gẹ́ bí ìlà kan tí kọ́mà pín, ẹ kọ ọ̀nà àbáwọlé mìíràn fún un:

```
    @classmethod
    def lati_ila(cls, ila):
        oruko, eko = ila.split(",")
        return cls(oruko, eko.strip())
```

Python fúnra rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ wo `dict.fromkeys` àti `datetime.fromtimestamp`. Bó ti wù kí ọ̀nà pọ̀ tó, ẹnu ìloro kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé níkẹyìn, ibẹ̀ sì ni àyẹ̀wò wà.

Láti Python 3.7, tó jáde ní 2018, ni `dataclass` ti wà, tó ń bá wa kọ `__init__`. Mo ń lò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá kọ `owo: list = []` síbẹ̀, yóò kọ̀ ọ́ pẹ̀lú `ValueError` kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, yóò ní kí ẹ lo `default_factory`. Ibi tí a sì ti lè tò orúkọ wà nínú rẹ̀, `__post_init__` ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ `__init__` kò ní mọ ìdí tí `dataclass` fi kọ list náà fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Tanke àti níbikíbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Python, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ pé `__init__` ló ń dá object. Ẹ fi `__new__` hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n rí object tí kò tíì ní nǹkan kan nínú, kí ẹ tó ní kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó kọ ìlà kan sínú kíláàsì, ẹ bi ara yín: kí ni object yìí kò lè ṣàìní, kí ni ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kí sì ni ó jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀? Owó olówó àti orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ètò tí ẹ ń kọ. Ẹ rí i dájú pé ó pé kí ẹ tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.